Gbígbà Ọwọ́ àti Gbígbà Ọkàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Tíṣà Kékeré kì í fi ẹnu kàn. Bí o bá na ife omi sí i pé "Ẹ gbà," yóò na ọwọ́, yóò mú un, yóò ní "O ṣeun." Bí o bá bi í pé ṣé ó gbà pé òjò máa rọ̀ lónìí, yóò wo ojú ọ̀run, yóò ní "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Bí awakọ̀ ilé-iṣẹ́ omi bá já ẹrù sílẹ̀ tó ní kó fọwọ́ sí ìwé, kì í kọ "Mo gbà á" bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́. "Ó dé ọwọ́ mi" ló máa ń kọ, yóò sì fa ìlà méjì sí abẹ́ "ọwọ́." Awakọ̀ náà fẹ́ràn láti máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Màmá, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ń ta yín lẹ́nu ni?"

Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á ní kó tètè máa lọ kí òjò má bá a lọ́nà. Awakọ̀ rò pé eré ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ti ń ta á lẹ́nu fún ọdún méjìdínlógójì.

Omi kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sọ àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́fà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dáàmù kalẹ̀, yóò dúró níwájú pátákó irin tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, yóò wo ibi tí omi dé. Yóò wá padà gòkè, yóò jókòó sínú yàrá kékeré tó wà lórí ògiri náà, yóò ṣí ìwé ńlá kan. Ọjọ́ wà nínú ìwé yẹn, gíga omi wà níbẹ̀, bí òjò ṣe rọ̀ tó wà níbẹ̀, àyè kan sì wà lápá ọ̀tún fún ohun tójú bá rí. "Kò sí" ló ti ń kọ sí àyè yẹn láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, kó wá fi eékún tirẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn, ká tó jọ sọ̀rọ̀.

Ká tó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣe fún un, ó yẹ ká mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Abẹ́ àpáta lórí òkè gíga ni odò náà ti ń sun, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí igi ga ju ènìyàn lọ. Méjì ni nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan dúdú, inú igbó ló ti ń bọ̀. Èkejì pọ́n, torí amọ̀ ló ń fọ̀ bọ̀ lọ́nà. Àwọn méjèèjì pàdé ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tó sì jinlẹ̀ bí inú àwo. Òkè wá sún mọ́ra lẹ́ẹ̀mejì ní àfonífojì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lókè ibi tí odò ti pàdé, ẹ̀ẹ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe ti òkè ní Ọ̀fun Òkè, wọ́n ń pe ti ìsàlẹ̀ ní Ọ̀fun Ìsàlẹ̀. Láàárín ọ̀fun méjèèjì ni abúlé wọn wà: ilé mẹ́tàlélógójì, afárá onípákó kan, ilé-ìwé oníyàrá gígùn kan ṣoṣo, àti àgọ́ ìmọ̀kòkò létí ibi tí odò méjì ti di ọ̀kan.

Ìlú ńlá tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ. Wọ́n rán àwọn awọnlẹ̀ wá, wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ káàkiri, wọ́n fi ojú kan wo òkè títí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní ibi méjì ló ṣeé sé. Bí wọ́n bá sé odò ní Ọ̀fun Òkè, igbó àti pápá nìkan ni omi máa bò, ṣùgbọ́n ògiri máa gùn, òkúta sì máa jìnnà. Bí wọ́n bá sé e ní Ọ̀fun Ìsàlẹ̀, ògiri kúkúrú ti tó, ṣùgbọ́n abúlé á wọ omi. Òfin sì wà nílẹ̀ nígbà náà pé wọn ò lè fi omi bo ilé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé àwọn onílé pàdé, kí wọ́n sì fohùn sí i. Ìyẹn kò ba àwọn ará abúlé lẹ́rù. Ta ló máa fohùn sí i? Wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ létí odò pé ẹni tó bá fẹ́ gbé dáàmù wá, kó má gbé dààmú wá.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Tíṣà Kékeré nígbà yẹn. Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni ní ilé-ìwé oníyàrá kan yẹn, kò sì ga ju àwọn ọmọ tó ń kọ́ lọ, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ìyá wọn bí. Bàbá wọn kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn dáadáa, ẹ̀gbọ́n yìí ló di bàbá fún un. Òun ló máa ń gbé e kọjá afárá lọ sílé-ìwé nígbà òjò. Òun ló fi igi kọ́ ọ ní ìwé kíkọ lórí amọ̀ pupa létí odò, tó bá ṣì í kọ, wọn á fi ọwọ́ nù ún, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bá ilé-iṣẹ́ omi ní ìlú ńlá ṣiṣẹ́, ó di akọ̀wé, orúkọ yẹn náà ni gbogbo abúlé sì wá ń pè é. Tàdáwà aláwọ̀ ewé ni Akọ̀wé fi ń kọ nǹkan. Ó ní gbogbo ayé ló ń lo dúdú àti búlúù, òun fẹ́ kí wọ́n mọ tòun lókèèrè. Àbúrò rẹ̀ kò rí ọkùnrin míì tó gbọ́n tó o láyé.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Akọ̀wé wá sílé pẹ̀lú àpò ìwé lábẹ́ apá.

"Àbúrò mi, iṣẹ́ kékeré kan wà tí mo fẹ́ kó o bá mi jẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rán mi."

"Lẹ́tà ni. Ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ pe gbogbo yín sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ omi yìí. Wọ́n fẹ́ kó dá wọn lójú pé ilé kọ̀ọ̀kan rí lẹ́tà tirẹ̀. Fún wọn, kó o ní kí wọ́n tẹ̀ka sórí ìwé kejì yìí. Bá mi kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pé 'A ti gbà á.'"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ọwọ́ yín mà dára ju tèmi lọ."

"Ọwọ́ tìẹ ni wọ́n mọ̀," ni Akọ̀wé wí. "Ìwọ lò ń kọ́ àwọn ọmọ wọn."

Ó kọ ọ́. Ó tilẹ̀ fi rúlà fa ìlà kó tó kọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè dúró gbọnrangandan. Ó wá gbé ìwé náà kiri láti ilé dé ilé fún ọjọ́ méjì. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, yóò ka lẹ́tà sókè, yóò ṣàlàyé pé ìtẹ̀ka yìí kàn wà kí ilé-iṣẹ́ lè mọ̀ pé lẹ́tà dé ni. Ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Káfíńtà ní bí Tíṣà Kékeré bá gbé ìwé pé kí òun ta orí òun wá, òun á kọ́kọ́ tẹ̀ka ná, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè ohun tó wà ńbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dá a dúró. Ìyá Oníkòkò ni, opó tó ń mọ ìkòkò létí odò. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè kà sí i létí tí kò ní tún bi wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú amọ̀ nígbà tí ọmọbìnrin náà dé.

"Ọmọ mi, tún ìyẹn kà. Ìlà òkè yẹn."

"A ti gbà á, Màmá."

"Ẹn-ẹ́n. Gbígbà ọwọ́ ni àbí gbígbà ọkàn?"

Tíṣà Kékeré rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn sí ìbéèrè náà, bíi pé ọmọ ilé-ìwé kan ló dáhùn dáadáa.

"Gbígbà ọwọ́ ni, Màmá. Pé lẹ́tà dé ọwọ́ yín ni. Ẹ ó sọ ti ọkàn ní ìpàdé."

"Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ," ni Ìyá Oníkòkò wí. Ọmọbìnrin náà gbé tàdáwà wá, màmá ní rárá, òun ò ní fọwọ́ nítorí ìtẹ̀ka. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìwé pẹ̀lú amọ̀ lára. Méjìlélógójì búlúù, ọ̀kan pupa. Ìwé náà padà sọ́wọ́ Akọ̀wé, Akọ̀wé kí i pé ó kú iṣẹ́.

Kò sí ìpàdé kankan. Oṣù mẹ́ta kọjá, ọkọ̀ akóyọyọ wá ń já òkúta sílẹ̀ ní Ọ̀fun Ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà abúlé wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n lọ sí ilé-iṣẹ́ omi láti lọ bi wọ́n pé kí ló dé. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì kò tiẹ̀ dìde. Ó fa ìwé kan yọ, ó yí i sí wọn. "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ kọ ọ́ síbí? A ti gbà á. Ilé mẹ́tàlélógójì, kò dín ọ̀kan." Wọ́n ní lẹ́tà làwọn gbà. Ó ní òun ò rí lẹ́tà níbẹ̀, "a ti gbà á" lòun rí. Wọ́n wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí pátákó ilé-ìwé lójoojúmọ́.

Wọ́n padà wálé, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo. Káfíńtà ló sọ̀rọ̀: "Tíṣà, ìwọ lo kọ ọ́ àbí ìwọ kọ́?" Kí ló fẹ́ sọ? Òun ló kọ ọ́. Ìyá Oníkòkò wà lẹ́yìn wọn, kò bi í ní nǹkan kan. Ó wò ó lásán, ó yí padà, ó ń lọ sídìí amọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò dá ọmọbìnrin yẹn lóhùn mọ́.

Akọ̀wé wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó jókòó sórí ibùsùn àbúrò rẹ̀, ó sì sunkún. Ó ní àwọn ọ̀gá ló yí ọ̀rọ̀ náà po, ó ní wọ́n tan òun náà jẹ, ó ní bí kì í bá ṣe pé òun ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn ni, òun ì bá ti pariwo wọn síta. Àbúrò rẹ̀ ló tún wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa ara yín." Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sọ Akọ̀wé di olórí àwọn akọ̀wé. Kò sí ẹni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, àbúrò rẹ̀ sì ni ẹni ìkẹyìn tó máa so wọ́n pọ̀.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi mọ ògiri, ìgbà òjò méjì ni omi fi kún. Kò dé bí ìkún omi. Ńṣe ló ń rọra gòkè, ìgbésẹ̀ kan lónìí, ìdajì lọ́la, bí àlejò tó kọ́kọ́ ní ẹnu ọ̀nà ti tó òun. Ó mu àgọ́ ìmọ̀kòkò, ó mu afárá, ó mu ilé-ìwé dé ojú fèrèsé, ó wá mu òrùlé. Wọ́n kó àwọn ará abúlé lọ sórí òkè, sínú ilé tí wọ́n kọ́ ní ìlà mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn arúgbó fi ń ṣi ilé wọ̀. Atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí òkúta, kò sì sí amọ̀. Ìyá Oníkòkò kò mọ ìkòkò kankan mọ́ láti ìgbà náà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí itan, ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́.

Wọ́n ṣí ilé-ìwé tuntun, wọ́n fi Tíṣà Kékeré síbẹ̀. Àwọn òbí kó ọmọ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn fún un lórúkọ tuntun, A-ti-gbà-á, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fẹ́ ẹ gbọ́ ìdí orúkọ náà, kò wá mọ́. Akọ̀wé ló tún gbà á sílẹ̀, ó bá a wá iṣẹ́ omi kíkà. Bó ṣe di pé obìnrin yìí ń sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ láràárọ̀ láti lọ wọn omi tó bo ilé ìyá rẹ̀ nìyẹn, tó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó ṣeun.

Dúpẹ́ ló sì ń dúpẹ́. Ní oṣooṣù ló ń wọ ọkọ̀ lọ kí i ní ìlú ńlá, nínú ilé alájà méjì tó kọ́ sí òpópónà tí omi ẹ̀rọ kì í ti í dá. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da Akọ̀wé láàmú, òun ló máa ń fà á dìde lórí àga. Akọ̀wé á na ọwọ́, á ní "Àbúrò mi, gbà," òun á di ọwọ́ náà mú, á fà á. Ibì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ yẹn kì í ti í dùn ún nìyẹn. Akọ̀wé á wá ní, "Ọwọ́ ẹ ló kù tí mo fẹ̀yìn tì." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń gbé e délé.

Ọ̀dá wá dé ní ọdún tó yẹ kí Tíṣà Kékeré fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ, òjò kò rọ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀, omi náà ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, títí pátákó irin fi dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó sì ní láti lọ kan pátákó míì mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Orí ògiri ilé-ìwé kọ́kọ́ yọ. Àwọn òpó afárá tẹ̀lé e. Àwọn ará orí òkè ń wò ó láti òkèèrè, wọ́n bá fi ọjọ́ Sátidé kan síbẹ̀ pé àwọn máa jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo abúlé. Ìyá Oníkòkò, tó ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, ní kí wọ́n gbé òun lọ́jọ́ náà bó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀kùn ni wọ́n máa gbé òun lé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ omi ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ tí yóò máa ka omi fúnra rẹ̀ ń bọ̀, kí Tíṣà Kékeré bá wọn palẹ̀ yàrá ẹrù tó wà lábẹ́ ògiri mọ́. Ìwé àtijọ́ ló kún ibẹ̀, èyí tí wọ́n kó wá nígbà tí olú ilé-iṣẹ́ ń ṣí lọ sí ibòmíì. Ikán ti jẹ ìlàjì. Nínú àpótí irin kan ló ti rí fáìlì tí wọ́n fi okùn so. Ìtẹ̀ka ló kọ́kọ́ rí, búlúù búlúù, àti ọ̀kan pupa tó ti sán bí ilẹ̀ ọ̀dá. Ó mọ àtàǹpàkò yẹn. Ó jókòó.

Ìwé kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ó sì jẹ́ bí ilé-iṣẹ́ ṣe fẹ́ kí ìlà òkè yẹn rí ní tòótọ́: "Lẹ́tà yìí ti dé ọwọ́ wa. A ó sọ èrò wa ní ìpàdé." Ẹnì kan ti fa ìlà gba inú rẹ̀ kọjá. Ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Èyí á fún wọn láyè jù. 'A ti gbà á' ti tó, a ò ní nílò ìpàdé. Àbúrò mi ni yóò gbé e káàkiri. Wọ́n fọkàn tán an."

Tàdáwà aláwọ̀ ewé ni.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í ṣe "a ti gbà á" ló dùn ún jù, ìyẹn ti di egbò àtijọ́. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀, ó mọ iye tó jẹ́, ó sì mú un bí ẹni mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, kò fìgbà kan rò pé òun ni ẹ̀fọ́. Ó rántí ẹkún tí Akọ̀wé sun lórí ibùsùn rẹ̀, àti bí òun ṣe fi ìró ara òun nu ojú fún un. Ìyẹn ló mú inú bí i jù, ó sì yọ ìwé náà kúrò nínú fáìlì.

Ní ọjọ́rú, ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá. Ó bá Akọ̀wé ní pálọ̀, lórí àga rẹ̀, ó ń mu tíì. Kò jókòó. Ó na ìwé náà sí i. Akọ̀wé wọ awò, ó kà á, ó sì bọ́ awò.

"Mo rò pé ikán ti jẹ èyí," ló sọ.

"Kì í jẹ ohun gbogbo, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà yẹn. Wọ́n ní bí mo bá lè ṣe é, wọ́n á gbé mi ga. Ìlú sì nílò omi. Ṣé o rí ìlú yìí? Gbogbo ẹni tó ń wẹ̀ láàárọ̀ yìí, odò wa ni."

"Ẹ ò bi mí."

"Tí mo bá bi ẹ́, ṣé wàá ṣe é?"

Àwọn méjèèjì mọ èsì. Tíṣà Kékeré ní, "Àwọn èèyàn wa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín ju kí ẹ wá síbẹ̀ lọ. Kí ẹ gbà lójú wọn pé ẹ̀yin lẹ yí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe èmi. Ìyá Oníkòkò ṣì wà láyé. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ kó tó lọ."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjìdínlógójì. Akọ̀wé wò ó. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ ẹ́.

"Mo ti gbà á," ló wí.

Omi bọ́ lójú Tíṣà Kékeré. Ó dúpẹ́. Òun tó ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ yìí wá, òun tó yẹ kó mọ ìdí rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, kò béèrè pé gbígbà wo ni. Ẹ̀yin á ní kí ló dé tó tún fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n fi jọ wà, bóyá ọgbọ́n ì bá tètè wá sí i lórí.

Ní ọjọ́ Sátidé, oòrùn mú. Gbogbo ará orí òkè sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń bi àwọn àgbà pé ilé ta ni èyí, ilé ta ni tọ̀hún. Wọ́n gbé Ìyá Oníkòkò sórí àga kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí odò ti pàdé. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka wa amọ̀ díẹ̀ sókè, ó ń rò ó mọ́wọ́. Tíṣà Kékeré dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe máa ń dúró, ó ń wo ọ̀nà. Ọkọ̀ Akọ̀wé dé sórí ilẹ̀ tó gbẹ. Ó mú ọ̀pá àti àga aláṣọ tó ń ká, ó kí gbogbo ènìyàn, ó sì jókòó síwájú wọn. Ẹrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ àga náà mì díẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Akọ̀wé wí, "wọ́n tàn wá jẹ. Èmi àti àbúrò mi yìí, wọ́n fi wá ṣe irinṣẹ́ ni. Ọmọdé ni nígbà náà. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ máa ń ní ìtumọ̀ méjì. Mo bẹ̀ yín, ẹ ti bínú sí i tó. Lónìí yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì í."

Àwọn kan mi orí. Ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n tó dára nìyí. Tíṣà Kékeré kò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́. Ó rìn wá síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé tí mo fún yín lọ́jọ́rú ńkọ́?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tó fi máa ń kọ́ ọ ní ìwé létí odò yìí.

"Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé mo ti gbà á? Ọ̀rọ̀ ti tán, àbúrò mi."

Ohùn kan jáde láti ìdí amọ̀, kò ròkè.

"Akọ̀wé. Gbígbà ọwọ́ ni àbí gbígbà ọkàn?"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti máa tètè dá àgbà lóhùn ni Akọ̀wé, kò sì dúró rò ó. "Gbígbà ọwọ́ ni, Màmá," ló wí. Ó wá gbọ́ ohun tó sọ.

"Ẹn-ẹ́n," ni Ìyá Oníkòkò wí. "Ìwé wà nìyẹn. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìwé àtijọ́ kan ni, Màmá. Mo ti sun ún."

"Mi ò bi ẹ́ pé ibo ló wà. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Akọ̀wé wo omi. Gbogbo ènìyàn ń wo Akọ̀wé. Ìyá Oníkòkò dúró dè é pẹ́, bí ẹni tó ń dúró de ìkòkò kó tutù, ó wá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ìwọ wá sọ fún wa, Tíṣà Kékeré."

Kò sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ lórí òkè yẹn rí. Ó wá kà á fún wọn látinú orí, bó ṣe máa ń kà nǹkan fún àwọn ọmọ wọn, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un: ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ìlà tí wọ́n fà gba inú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ tàdáwà. Nígbà tó dé "Wọ́n fọkàn tán an," Káfíńtà, tí irun rẹ̀ ti funfun báyìí, bọ́ fìlà, kò sì dé e padà. Kò sí ẹni tó bú Akọ̀wé. Wọ́n kàn yípadà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń lọ wo ilé wọn. Ìyá Oníkòkò na ọwọ́ amọ̀ sí Tíṣà Kékeré, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa lára.

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Orúkọ rẹ̀ ti padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e kọjá afárá yẹn ló jókòó níwájú rẹ̀, òpó afárá náà sì dúró níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òun nìkan ló kù fún un láyé, ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé fẹ́ dìde. Ẹsẹ̀ àga ti rì sínú ẹrẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó padà jókòó. Ó wá na ọwọ́ sókè, bó ṣe máa ń nà án.

"Àbúrò mi," ló wí, "gbà."

Ó wo ọwọ́ náà. Kò gbà á.